Ìkànnì Tó Rọrùn Láti Wọ̀

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni kéèyàn ṣe ìkànnì tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà sì wà gan-an ni mímọ ohun tí kò yẹ níbẹ̀. Ìkànnì àkọ́kọ́ láyé, tí Tim Berners-Lee ṣe ní CERN, iléeṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì, kò ju ọ̀rọ̀ àti líǹkì lọ; CERN dá a padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2013, wàràwàrà ló sì ń ṣí lórí fóònù òde òní. Àwọn kan á ní irú bẹ́ẹ̀ ti gbẹ jù, pé ìkànnì ẹni gbọ́dọ̀ fi ìwà ẹni hàn. Òótọ́ ni. GeoCities, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ìkànnì tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, kún fún àwọ̀ tó ń gba ojú àti àwòrán tó ń jó, ayé sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà kì í wúwo: àwọ̀ tí a fara balẹ̀ yàn kì í jẹ dátà, fọ́tò ràgàjì tí a kò dín kù ló ń lé àlejò sá.

Lẹ́tà pàápàá lè lé àlejò sá. Ẹ wo ọ̀, ọ olóhùn ìsàlẹ̀. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún un. Ọ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí fọ́ǹtì ò bá mọ̀ ọ́n, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sáàárín ọ̀rọ̀. Ẹni tó dán fọ́ǹtì rẹ̀ wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú ti ṣe àlejò lóore ju ẹni tó kó fídíò síwájú lọ. Ti orin tó ń dédé kọ fúnra rẹ̀ bí ìkànnì bá ṣí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tilẹ̀ sọ ọ́.