Epo Lára Ìwé: Lámèyítọ́ Lórí Ìwé Oúnjẹ Àtijọ́

Ojú ewé tí epo ti mu ló yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé oúnjẹ. Ìwé mìíràn, tó bá ti rí tónítóní la máa ń yìn ín. Ti ìdáná ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò lábàwọ́n, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fi sebẹ̀ rí.

Láàrin àwọn ìwé àtijọ́ lórí oúnjẹ Yorùbá, àgbà ni The Kudeti Book of Yoruba Cookery. J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ló kọ ọ́, ilé ìtàwé CMS l'Ékòó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1934. Ó ń jẹ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kúdẹtì, n'Íbàdàn, ní 1899. Ní 1957 ni Miss Williams' Cookery Book, iṣẹ́ R. Omosunlola Williams, jáde. Àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ka ọbẹ̀ sí ìmọ̀ tó tó kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ẹ wá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé Ìfọ̀nyìn, tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ní Ifangni. Ìgòlò tó wà lágbègbè náà kò jìnnà sí Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà rárá, ṣùgbọ́n látìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín ilẹ̀ ní 1889, èdè ilé-ẹ̀kọ́ ti yàtọ̀. Ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì pe àkọlé rẹ̀ di àjèjì sí ọmọ tó ń jẹ ọbẹ̀ inú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Yorùbá àti Ègùn ló jọ ń gbé níbẹ̀, àmíwọ̀ sì wà lára oúnjẹ wọn. Wọ́n á din tòmátì àti àlùbọ́sà nínú epo, wọ́n á da omi ẹran sí i. Bó bá hó, wọ́n á bu díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á wá máa rọ ìyẹ̀fun àgbàdo sí èyí tó kù, wọ́n á máa rò ó. Tó bá le jù, wọ́n á fi èyí tí wọ́n bù sílẹ̀ dẹ̀ ẹ́. Ìwé lè to gbogbo èyí lẹ́sẹẹsẹ. Ìgbà tí omi tó gan-an, ọwọ́ tó di orógùn mú ló mọ̀ ọ́n, torí ìyẹ̀fun kì í mu omi bákan náà.

Àwọn kan á ní kí wá ni ìwé wúlò fún. Èmi ò gbà. Àìpé rẹ̀ ló ń mú kí alásè fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sétí ewé pé ata yìí ti pọ̀ jù, tàbí pé kí omi dín díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òǹkọ̀wé ti di méjì: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde àti ẹni tó ń fi dáná. Fídíò orí fóònù lè fi bí ọwọ́ ṣe ń rò ó hàn ju ìwé lọ, àmọ́ àtúnṣe ìyá kò lè wà lára rẹ̀ fọ́mọ láti bá.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ti Ìfọ̀nyìn, kó kọ ọ́ ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ nídìí ààrò, kó sì fi etí ewé sílẹ̀ gbòòrò.