Ojú, Etí àti Iyèméjì: Àtúnyẹ̀wò Ìyàtọ̀ Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́ nínú Iṣẹ́ Hallen àti Sodipo

Ní ọdún 1986 ni Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé ìwé Knowledge, Belief, and Witchcraft jáde. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ìbéèrè wọn ni pé: ṣé 'mọ̀' tiwa bá ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń túmọ̀ rẹ̀ dọ́gba? Wọ́n ní rárá. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Òun ni a lè fi òótọ́ pè. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tàbí tí a kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni, àfi bí a bá dán an wò fúnra wa.

Pàtàkì àlàyé yìí hàn bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Descartes. Ní 1641, ọ̀mọ̀ràn ará Faransé náà fi iyèméjì ṣe ọ̀nà àtiwá òtítọ́ tí kò ṣeé mì. Ó fura sí ojú, nítorí pé ojú a máa tanni jẹ. Ó sì rí i pé ẹni tí ń ṣiyèméjì ń ronú, ẹni tí ń ronú sì gbọ́dọ̀ wà. Etí ni àwọn oníṣègùn ní tiwọn fura sí. Nítorí náà, kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ iyèméjì. Ibi tí a darí rẹ̀ sí ni ó yàtọ̀. 'Ìròyìn kò tó àfojúbà' kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ń gba ohun gbogbo gbọ́.

Síbẹ̀, ààlà tí wọ́n pa náà le jù. Kò sí ẹni tí ó fojú rí ìbí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n 'mo mọ ìyá tí ó bí mi' ni à ń wí. A kò fojú rí òǹkà, síbẹ̀ a mọ ìṣirò. Bákan náà, ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé dúró kò lè rí i: ìrírí àti àròjinlẹ̀ ni 'rí' yẹn, kì í ṣe ẹyinjú. Lójú tèmi, ìtumọ̀ tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ ni a fi ṣe ìtumọ̀ tí gbogbo ẹlédè ń lò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ní Kuje, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí mo ń gbé, bí fídíò kan bá wọ orí fóònù, a ó gbọ́ tí ẹnì kan ń búra pé òun fojú ara òun rí i, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà lè ti hun ún látòkè délẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé àwọn oníṣègùn dáadáa, fídíò kì í ṣe àfojúbà. Ìròyìn ni, ẹlòmíràn ni ó rò ó fún wa. Níhìn-ín, ìfura Descartes sí ojú àti ìfura tiwa sí etí pàdé. Èyí ni ìwé náà ṣì fi wúlò. Ohun tí ó kù fún ìwádìí wa ni láti gbọ́ bí a ṣe ń lo 'mọ̀' àti 'gbà gbọ́' lọ́jà, nílé ẹjọ́ àti nínú ilé, kí a tó sọ pé èyí ni èrò Yorùbá.