Ẹ̀yìn Bàbá Lọmọ Ń Wò

Ìwé kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dà bí ìwé méjì lójú mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú alùpùpù ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo máa tún un kà, ìwé ọ̀hún wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ mi kún fún gírísì, alùpùpù bàbá mi wà nílẹ̀ ní títú palẹ̀ bí adìẹ ọdún. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ọmọdé kan wà nínú ìwé náà tí n kò kọbi ara sí rárá. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí mo gbọ́ tí wọ́n ń yin ìwé náà, ibòmíràn ni wọ́n ń yìn.

Zen and the Art of Motorcycle Maintenance ni orúkọ rẹ̀. Robert M. Pirsig, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Atẹ̀wé tí iye wọn jẹ́ 121 ló ti kọ̀ ọ́ kí ọ̀kan tó gbà á, tó sì jáde lọ́dún 1974. Ìgbà tó jáde tán ni ayé wá ń rà á bí ẹni ra àkàrà.

Ìtàn inú rẹ̀ kò díjú. Bàbá kan gun Honda láti Minnesota lọ sí California nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1968. Chris ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Tọkọtaya kan, John àti Sylvia, gun BMW bá wọn lọ dé Montana. Bí wọ́n ti ń lọ ni bàbá yìí ń rò, tó sì ń bá wa sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, àti ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń pè ní Phaedrus. Phaedrus yìí, òun fúnra rẹ̀ ni, kí orí rẹ̀ tó dàrú, tí wọ́n fi iná mànàmáná gba orí rẹ̀ nílé ìwòsàn, tó sì jí di ẹlòmíràn.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí nínú ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí mo tún un kà. Honda CG125 ni bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn èèyàn kì í tọ́jú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dákú, nítorí náà ọ̀pá tín-ínrín méjì ni wọ́n fi ń ṣí fáàfù rẹ̀, wọn kò lo ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó máa ń fẹ́ àmójútó. Ọdún 1981 ni bàbá mi ra tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa kú, ó ti lé ní ogún ọdún tí alùpùpù náà ti wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ páànù. Ìpatà ti jẹ táǹkì, adìẹ ti yé sábẹ́ ìjókòó. Àwọn ará ilé ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́mù. Mo ní ó tì o.

Sìkúrúù kan ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ó wà lára ìdérí ẹ́ńjìnnì lápá òsì. Mo ki sìkúrúdíráífà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo yí i, ó yọ̀. Mo tún yí i, ó tún yọ̀. Inú bí mi, mo fi gbogbo ara tì í, ni ẹnu sìkúrúù bá fẹ̀ roboto bí ojú odó. Ó parí! N kò lè ṣí ìdérí, n kò sì lè dé ibi kọ́ńtáàtì tó ń jẹ́ kí pọ́lọ́ọ̀gì ṣẹ́ná.

Ìgbà náà ni mo rántí pé irú sìkúrúù yìí gan-an wà nínú ìwé Pirsig. Ó ní sìkúrúù tí kò tó nǹkan lọ́jà, tó bá há, iye owó gbogbo alùpùpù náà ni owó tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí pé bí kò bá jáde, alùpùpù ò wúlò. Ó ní kí ẹni tó bá há má sá. Ibi tó ti há gan-an ni ojú rẹ̀ yóò ti là, bó bá lè jókòó ti ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó sì wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Àwọn àgbà wa náà sọ ọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Mo gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ jẹun. Ọjọ́ kejì ni mo padà wá wo ẹnu àwọn sìkúrúù tó kù.

Kí ni mo wá rí? Àmì tóńtó kan wà lórí wọn bí ojú abẹ́rẹ́. Mo béèrè títí mo fi mọ ìdí rẹ̀. Àgbélébùú tí àwọn ará Japan ń gbẹ́ sórí sìkúrúù wọn àtijọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àgbélébùú Phillips tó kún ọjà wa. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹnu Phillips kì í wọlé dé ìsàlẹ̀ tiwọn, agbede méjì ló ń dúró sí. Béèyàn bá fi tipá yí i, yóò yọ̀, yóò sì ha ẹnu sìkúrúù dànù. Ohun tí mo pè ní agídí irin, àìmọ̀kan tèmi ni. Mo ra èyí tó yẹ, mo sì yá irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń fi òòlù lù nídìí, tó jẹ́ pé bó ti ń tẹ sìkúrúù mọ́lẹ̀ náà ni yóò máa yí i. Mo rọ epo sí i, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òòlù mẹ́ta péré, ó jáde.

Pirsig kò sọ ọ̀rọ̀ àgbélébùú méjì yìí. Ó sì ti kìlọ̀ níbẹ̀rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ka ìwé òun sí ìwé ẹ̀kọ́ nípa alùpùpù, nítorí náà n kò bá a wíjọ́. Ohun tó kọ́ mi ni bí a ṣe ń dúró kí ìmọ̀ tó dé. Ó kọ́ mi pẹ̀lú pé kí n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, kí n máa to gbogbo ohun tí mo bá tú sórí rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí n sì máa kọ ọ́ sínú ìwé bí mo ṣe ń tú u. Ẹni tó bá fẹ́ tún alùpùpù ṣe nílé, kó gba ìmọ̀ràn yìí. Owó ńlá ni.

Ibi tí mo ti yapa sí Pirsig ni ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ó sọ pé ẹ́ńjìnnì òun gbaná, ó fi le gan, òun gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Wọ́n tan rédíò sókè, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n fi sípánà ṣe. Wọ́n bà á jẹ́, wọn kò sì rí ohun tó ń ṣe é. Ìgbà tó yá, òun fúnra òun rí i: pínnì kékeré kan tí kò ju sẹ́ǹtì 25 lọ ló ṣẹ́, tí kò jẹ́ kí ọ́ìlì dé orí ẹ́ńjìnnì. Ó ní àìbìkítà ló ṣe wọ́n.

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tiwa, kí ẹ jókòó tì í láàárọ̀ kan. Oníbàárà àkọ́kọ́ ní kó parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ìkejì ná owó iṣẹ́ dé ìdajì, ó tún gbé ayédèrú ẹ̀yà ara wá, ó ní ojúlówó ti wọ́n jù. Ìkẹta ò tíì san ti oṣù tó kọjá. Ta ni yóò fi ọjọ́ méjì wo ẹnu sìkúrúù kan níbẹ̀? Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi tún Honda bàbá mi ṣe, Sátidé-Sátidé, owó iṣẹ́ mìíràn ni mo sì ń jẹ. Bí mẹkáníìkì bá ṣe bíi tèmi, ebi ni yóò pa àwọn ọmọ rẹ̀. Pirsig kò fi èyí sí i nínú ìṣirò rẹ̀, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀. Sùúrù tó ń yìn yẹn, ẹni tó ti jẹun yó ló rọrùn fún.

Ọ̀rọ̀ agolo bíà náà wà níbẹ̀, òun làwọn èèyàn sì máa ń rántí jù. Ọwọ́ tí John fi ń darí BMW rẹ̀ ń yọ̀. Pirsig ní kí àwọn gé agolo bíà, kí àwọn fi pẹlẹbẹ rẹ̀ há a. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kì í dípatà, kò sí ohun tó dára jù ú lọ fún iṣẹ́ náà. Ojú ti John. Agolo bíà, lára BMW tuntun! Pirsig ní ohun tí nǹkan ń jẹ́ ni John ń wò, kò wo ohun tó lè ṣe. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n àìsàn tiwa yàtọ̀ sí ti John. Agolo kì í tì wá lójú. Nígbà tí mo tú wáyà Honda wa, mo bá fíúùsì tó ti jóná níbẹ̀; ẹnì kan ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e, iná sì ń kọjá. Lójú ẹni tó ṣe é, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fíúùsì ni kó jóná kí wáyà má baà jóná! Ẹni tó fi agolo há ọwọ́ BMW mọ ohun tí ọwọ́ ń fẹ́. Ẹni tó fi bébà sìgá wé fíúùsì kò béèrè ohun tí fíúùsì wà fún. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí Pirsig tẹnu mọ́.

Apá ìparí ìwé náà wúwo. Ó ń wá orúkọ fún ohun kan tí kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìkan, tí kì í sì í ṣe ti iṣẹ́ nìkan, ṣùgbọ́n tó ń mú kí iṣẹ́ dára. Ó bá Plato àti Aristotle jà lé e lórí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ìwà lẹwà, mo ń kà á, mo ń mi orí. Bí iṣẹ́ kan bá dára, a máa ń wo ìwà ẹni tó ṣe é nínú rẹ̀. Ẹni tí irú ojú ìwé báwọ̀nyí bá sú, kó fò wọ́n, kó má kàn gbé ìwé sílẹ̀, nítorí iwájú ni ọmọ náà wà.

Chris ni mò ń wí. Láti ìbẹ̀rẹ̀, inú rírun ń dà á láàmú, ó ń sunkún, ó ń bínú, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ tí bàbá kì í dáhùn tán. Bàbá tó jẹ́ pé bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà díẹ̀ báyìí, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ, kò gbọ́ ohùn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Gbogbo sùúrù tó ní fún sìkúrúù, kò ní in fún Chris. Òun ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò fi ara rẹ̀ pa mọ́ fún wa. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní ìwé ńlá. Ní ìparí, wọ́n ṣí akoto kúrò lórí, wọ́n sì lè gbọ́ ara wọn. Ọmọ náà dìde dúró lórí ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó wo òkè èjìká bàbá rẹ̀, ó sì rí ọ̀nà. Gbogbo ìrìn àjò yẹn látòkèdélẹ̀, ẹ̀yìn bàbá nìkan lohun tó ti ń rí.

Mo pa ìwé dé níbẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín: ọmọkùnrin tèmi, ọmọ ọdún méjìlá, ti bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kí òun bá mi ṣe é. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo fún un ni kó máa di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí tọ́ọ̀ṣì bá yẹ̀, mo ti pariwo mọ́ ọn nìyẹn. Ojú mi ló máa ń wò dípò ibi iṣẹ́, mo sì ń bá a wí torí ẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé tí mo fi ń kọ ètò ìtúpalẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó fa gbogbo ìlà rẹ̀ tún, ó sì ya àwòrán ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà. Lọ́jọ́ tí a ń dé orí ẹ́ńjìnnì padà, mo ti ń mú nọ́ọ̀tì lọ́wọ́ nígbà tó ní, “Bàbá mi, nọ́ńbà 14 ńkọ́?” Òrùka rọ́bà kékeré kan ni, tó máa ń yí ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ká. Ó ti yí sábẹ́ ìwé ìròyìn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n.

Pirsig kú lọ́dún 2017. Alùpùpù Honda rẹ̀ yẹn ṣì wà: ìyàwó rẹ̀ ti fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní Washington lọ́rẹ, wọ́n sì gbé e síta fún àwọn èèyàn láti wò lọ́dún 2024, nígbà tí ìwé náà pé àádọ́ta ọdún. Ní ti Chris, àwọn olè pa á lójú pópó ní San Francisco lóṣù Kọkànlá ọdún 1979. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Bàbá rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ nípa ikú yẹn sẹ́yìn ìwé náà nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ lọ́dún 1984. Ẹ má fo ojú ìwé yẹn o.

Honda wa ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń tú èéfín díẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kíkì méjì ti tó o. Ọmọ mi ti bi mí ìgbà tí òun náà yóò lè ní tirẹ̀. Ìbéèrè tí Chris bi bàbá rẹ̀ ní ìparí ìwé náà nìyẹn, bàbá rẹ̀ sì ní bó bá lè tọ́jú rẹ̀, yóò ní in. Èmi náà, ohun tí mo wí fún un nìyẹn.