Ọ̀rọ̀ Kékeré, Ẹrù Ńlá: Oríkì àti Gbólóhùn Àpẹẹrẹ nínú Atúmọ̀-Èdè Gẹ̀ẹ́sì fún Akẹ́kọ̀ọ́

Ìmọ̀ràn kan wà tí kò wọ́n lẹ́nu àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ Yorùbá: bí ọ̀rọ̀ kan bá rú ọ lójú, yẹ atúmọ̀-èdè wò. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n èrò kan fara sin sínú rẹ̀, èyí ni pé ọ̀rọ̀ tí ó le nìkan ni ó ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú, àti pé bí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn túmọ̀ èyí tí ó le, ìṣòro ti tán. Orí èrò yìí gan-an ni àwọn atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ dúró lé láti 1935 títí di òní. Bí ó bá kan ọmọ Yorùbá, èrò náà mẹ́sẹ̀.

Irú ìwé yìí kò ṣẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkèèrè ni ó ti bẹ̀rẹ̀, láàrin àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àkọ́kúntẹni fún. Michael West ti ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Bengal, ní ilẹ̀ Íńdíà ayé amúnisìn, kí òun àti James Endicott tó gbé atúmọ̀-èdè wọn jáde ní 1935. Ọ̀rọ̀ 1,490 péré ni wọ́n fi túmọ̀ nǹkan bí 24,000 ọ̀rọ̀ àti àkànlò. Àrùn tí wọ́n fẹ́ wò hàn gbangba. Nínú atúmọ̀-èdè tí wọ́n ṣe fún ọmọ onílé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàlàyé a máa le ju èyí tí wọ́n ń ṣàlàyé lọ, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa ti ojú-ewé kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tí ó ń wá ewúrẹ́ tí ó sọnù. A. S. Hornby, ní tirẹ̀, olùkọ́ ní Jàpáàn ni. Tokyo ni òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ méjì ti kọ́kọ́ tẹ tiwọn ní 1942 kí Oxford tó tún un tẹ̀ ní 1948. Longman gba ọ̀nà West ní 1978 pẹ̀lú nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ ìtúmọ̀. COBUILD ti Yunifásítì Birmingham, lábẹ́ John Sinclair, ni ó ya ọ̀nà tirẹ̀ ní 1987: wọ́n kó ohun tí àwọn ènìyàn sọ tàbí kọ ní tòótọ́ jọ sínú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àpẹẹrẹ, odidi gbólóhùn ni wọ́n sì fi ń ṣe oríkì.

Kò sí ẹni tí yóò fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni àwọn 2,000 ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún?

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ pé “Borrow me your biro.” Àwọn olùkọ́ a máa bú irú rẹ̀ pé kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, olùdánwò a sì gé máàkì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe náà ní gírámà nínú. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, “yá”, ni Yorùbá ní fún ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà. Ibòmíràn nínú gbólóhùn ni Yorùbá ti ń fi hàn ibi tí owó gbà: “Ó yá mi lówó” kò dọ́gba pẹ̀lú “Ó yá owó lọ́wọ́ mi.” Ìhun ni ó ṣe ìyàtọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà. Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀, pín iṣẹ́ náà fún ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, “borrow” àti “lend”. Ọmọ tí ó ti mú “borrow” gẹ́gẹ́ bí “yá” rò pé ìhun yóò bá òun ṣe ìyókù, bí ó ti ń ṣe é nílé. Kò gọ̀ rárá. Òfin èdè abínibí rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé láìkù síbì kan.

Kí ni atúmọ̀-èdè rí ṣe sí i? Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ náà kò ní ṣí i wò, nítorí “borrow” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó le. Bí ó bá sì ṣí i, tí ó bá oríkì tí ó ní í ṣe pẹ̀lú lílo nǹkan ẹlòmíràn fún ìgbà díẹ̀ kí a tó dá a padà, yóò mi orí pé bẹ́ẹ̀ náà ni “yá” rí. Oríkì náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ṣe ni ó fi òǹtẹ̀ lu àṣìṣe.

“Gbọ́” náà ń bẹ níbẹ̀. Yorùbá ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ òórùn, ó ń gbọ́ Faransé. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń sọ pé àwọn “hear” òórùn ọbẹ̀ láti ọ̀nà, tàbí pé àwọn “hear” Faransé díẹ̀díẹ̀. “Hear” wà lára ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn jù lọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àárín àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹní sí. Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí ó ti èdè Látìn wá kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, nítorí kò ní ohun tí yóò fi wọ́n wé.

Bí ọ̀rọ̀ bá yí sódì, ìnira náà a yí padà. Àwo fọ́, igi ṣẹ́, okùn já: “break” ni gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ ni wọ́n ń wọ̀, fìlà ni wọ́n ń dé, gèlè ni wọ́n ń wé, ìró ni wọ́n ń ró: “wear” ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kì í ṣòfò níbí. Òyìnbó tí ó ń kọ́ Yorùbá ni kí wọ́n ṣàánú. Láti inú èyí ni ó ti hàn pé ìrọ̀rùn kì í ṣe ìwà ọ̀rọ̀ kan fúnra rẹ̀. Àárín èdè méjì ni ó ń gbé, bẹ́ẹ̀ ọjà gbogbo ayé ni àwọn ilé-ìtẹ̀wé wọ̀nyí ń ná. Ìwé tí wọ́n tà ní Tokyo náà ni wọ́n ń tà ní Ìbàdàn, kò sì lè mọ èdè abínibí ẹnikẹ́ni.

Ní ti gbólóhùn àpẹẹrẹ, àríyànjiyàn tí ó gbajúmọ̀ ni pé ṣé kí wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ bíi ti Hornby, tàbí kí wọ́n mú un láti inú ohun tí ènìyàn sọ bíi ti COBUILD. Sinclair kò fẹ́ àpẹẹrẹ àfọwọ́dá rárá, nítorí kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí wọ́n já gbà láti inú ìwé ìròyìn a máa gbé ẹrù àyíká rẹ̀ dání, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn dípò ìhun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ. Níbi èyí, ọwọ́ Hornby ni ó tọ́. Bátànì 25 tí ó fi to ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí olùkọ́ lè fi ọwọ́ tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n ní ti oríkì, ọlá COBUILD ni. Ẹ jẹ́ kí “discuss” jẹ́ ẹlẹ́rìí. Oríkì tí ó rọrùn jù lọ fún un ni “talk about”, ẹyọ ọ̀rọ̀ méjì tí kò lè rú ọmọdé lójú. Yorùbá ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan. Oríkì náà sì ní “about” nínú. Kí ni yóò dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró kí ó má sọ pé “discuss about”? Oríkì gan-an ni ó kọ́ ọ ní àṣìṣe. Bí wọ́n bá fi odidi gbólóhùn ṣe é lọ́nà COBUILD, pé bí àwọn ènìyàn bá “discuss something”, ṣe ni wọ́n “talk about it”, ojú yóò rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ gba àbọ̀ tààrà, èkejì kò gbà á láìsí atọ́kùn.

Yìnyín àti ọkọ̀ ojú-irin inú àpẹẹrẹ, tí àwọn ènìyàn máa ń ráhùn lé lórí, kò tó nǹkan. Ọmọ tí kò rí yìnyín rí lè mọ̀ pé yìnyín ń bẹ. Ti ẹbí ni ó jinlẹ̀. Oríkì “brother” sọ ti akọ, ó sọ ti òbí, kò sọ ti ọjọ́ orí. Ọjọ́ orí sì ni Yorùbá ń kọ́kọ́ bèèrè: ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò? Òun ni ó bí “senior brother”. “Next tomorrow”, tí àwọn olùkọ́ ti fi gègé pupa fà láìmọye ìgbà, ọ̀tunla ni. Nígbà tí Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ 29 láti inú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wọlé ní oṣù kìíní 2020, ó wà lára wọn. Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá ti mọ̀ ọ́n. Ìwé àdánwò kò tíì mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tí ó ṣẹ́kù wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ Yorùbá. Àjàyí Crowther máa ń fi òwe jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1852. Òwe dùn, ó sì ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ń gbé inú èdè, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ ṣòro láti ti inú òwe mọ̀ ọ́n. Atúmọ̀-èdè CMS ti 1913 to ọ̀rọ̀ ní ìdojúkọ ọ̀rọ̀, gbólóhùn ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ti Abraham ní 1958 kún fún gbólóhùn, ṣùgbọ́n láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà. Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, tí Awóbùlúyì ṣe apá kejì rẹ̀ ní 1990, iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó le ni òun náà dojú kọ, bíi ti West. “Yá” kò nílò èdè-ìperí, nítorí náà ni kò fi rí alágbàwí.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ “lend” nínú atúmọ̀-èdè tí wọ́n bá ṣe fún ọmọ Yorùbá kò gùn. Kí wọ́n kọ “Ó yá mi lówó”, kí wọ́n sì kọ “She lent me money” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ “borrow”, “Ó yá owó lọ́wọ́ mi”, pẹ̀lú “She borrowed money from me.” Kí wọ́n wá fa ìlà sábẹ́ “lọ́wọ́” àti “from”.