Ẹ̀sùn Mẹ́ta tí Wọ́n Fi Kan Ìyálóde

Ère Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn láyé àtijọ́, wà ní oríta Challenge, n'Ìbàdàn, láàárín ariwo Micra àti ọ̀kadà. Bi ẹni tó ń kọjá léèrè irú ènìyàn tí Ìyálóde yìí jẹ́, ó ṣeé ṣe kó sọ fún ọ pé ìkà ni, àgàn ni, ó máa ń bẹ́ orí ẹrúbìnrin tó bá lóyún. Inú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970 tí wọ́n sì sọ di fíìmù lẹ́yìn náà, ni àwòrán yìí ti gbilẹ̀. Èrò tèmi ni pé nígbà tí eré wa bá gbé obìnrin sórí àga agbára, ilé ọmọ rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n, kì í fi iṣẹ́ ìjọba wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fẹ́ rọ Ẹfúnṣetán lóyè ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ló kà sí i lọ́rùn: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ogun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyálóde máa ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn jagunjagun, gbèsè sì ń gorí gbèsè. Ìjòyè tí àwọn ológun jẹ lówó, ta ni yóò fẹ́ kó pẹ́ lórí oyè? Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe ìlú kékeré. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń sìn ín. Ìgbìmọ̀ tí Ẹfúnṣetán jókòó sí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ lórí oyè Ìyálóde ti fi hàn pé oyè ìṣàkóso gidi ni.

Nínú eré, ọ̀rọ̀ gbèsè rọ̀ sẹ́yìn, òfin pé ẹrú kò gbọdọ̀ lóyún ló gba iwájú. Orí Adétùtù, ẹrúbìnrin tó lóyún, tí wọ́n bẹ́ ni ènìyàn ń rántí. Kódà ikú Ẹfúnṣetán yàtọ̀: Johnson ní àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n pa á lóru; nínú eré, májèlé ló fúnra rẹ̀ jẹ.

Wọ́n lè ní òǹkọ̀wé eré kì í ṣe òpìtàn. Mo gbà. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí kú sórí ìkúnlẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó sì ń kó ẹrú jọ kò yẹ lẹ́ni tí à ń wẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Saworoidẹ wò, fíìmù Túndé Kèlání ti 1999, tí Ìṣọ̀lá yìí kan náà kọ. Òǹrorò ni Ọba Lápité. Kí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Owó gẹdú àti májẹ̀mú ìlú tó kọ̀ láti dá. Ojúkòkòrò tó fún ọkùnrin láti di ìkà. Fún obìnrin, ó di dandan kí a wá ọmọ tó kú.

Ẹlòmíràn lè sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti òyìnbó. Nínú Borgen, eré àtìgbàdégbà tí tẹlifíṣọ̀n Denmark bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ìgbéyàwó olórí ìjọba, Birgitte Nyborg, tú ká, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ṣàìsàn. Òótọ́ ni, àmọ́ eré náà mú wa jókòó sídìí tábìlì tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń ná ipò mínísítà bí ẹni ń ná iṣu. Lọ́dọ̀ tiwa, King of Boys: The Return of the King ti Kemi Adetiba, tó jáde ní 2021, ló súnmọ́ ọn jù: Eniola Salami ń du ipò gómìnà Èkó. Síbẹ̀ ìjà àtidé orí àga ló gba eré náà, òun náà sì ti sin ọmọ nínú fíìmù àkọ́kọ́.

Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1959. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré fún un lónìí, ẹ dá Ìyálóde padà sí ìgbìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí balógun kan wá tọrọ ẹ̀tù láwìn, kí a gbọ́ èsì tó fún un.