Samuel Johnson gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́kasí nínú Ìtàn Ìbàràpá

Iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé nínú bébà yìí ni àgbéyẹ̀wò bí àwọn onímọ̀ ṣe ń tọ́ka sí ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas. A kò fẹ́ ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ìdárúkọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́rìí sí ni a fẹ́ mọ̀. Ìtàn Èrúwà àti àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù ni a óò fi ṣe òdiwọ̀n.

Ní 1846 ni a bí Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró. Ìbàdàn ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó ti ṣe olùkọ́ kí ó tó di àlùfáà ìjọ CMS ní Ọ̀yọ́. Láti 1881 títí di 1886, ó wà lára àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri nígbà ogun Èkìtì Parapọ̀. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù sí ìlú Òyìnbó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù. Ọdún 1921 ni ó tó jáde.

Johnson kò fi orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó dárúkọ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, David Kukomi ti ìjọ Ìbàdàn, àti Lagunju, Tìmì Ẹdẹ. Ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́rin abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ìbàràpá jẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí ní ibùdó ogun kò wúwo bákan náà pẹ̀lú ohun tí ó gbọ́ nípa Èrúwà. Síbẹ̀, ìtọ́kasí kan náà ni a ń ṣe fún méjèèjì.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Abraham ibn Daud, òpìtàn Júù ní ilẹ̀ Sípéènì, kọ Sefer ha-Qabbalah ní nǹkan bí 1161. Ó ní wọ́n mú àmòye mẹ́rin lẹ́rú lójú òkun, wọ́n sì tà wọ́n káàkiri, pé báyìí ni ẹ̀kọ́ ṣe kúrò ní Bábílónì. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi tún un sọ. Ní 1899, Solomon Schechter tẹ lẹ́tà Hushiel jáde, ẹni tí wọ́n kà mọ́ àwọn ẹrú náà. Lẹ́tà náà fi hàn pé fúnra rẹ̀ ni ó wá sí Kairouan. Gbogbo àtúnsọ yẹn kò fi ẹlẹ́rìí kan kún ti àkọ́kọ́.

Ewu ti Ìbàràpá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìwé lè padà di ohùn. Bí olùkọ́ kan ní Èrúwà bá ka Johnson, tí ó sọ ọ́ fún àwọn àgbà agboolé, tí olùwádìí sì gbà á sílẹ̀ lẹ́nu wọn, yóò kọ ọ́ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu Èrúwà bá ìwé mu. Ẹlẹ́rìí mélòó ni a ní? Ẹyọ kan ṣoṣo: Johnson ni ó ń jẹ́rìí sí Johnson.

Eléyìí kì í ṣe àríyànjiyàn inú kíláàsì lásán. Níbi tí oyè tàbí ilẹ̀ bá ti di ẹjọ́, ìtàn ni ẹ̀rí. Ìlú tí ìwé bá gbójú fò yóò wá dà bí ìlú tí kò ní àná.

A kò sọ pé kí a pa Johnson tì. Robin Law, tí ó lò ó nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjọba Ọ̀yọ́ ní 1977, ni ó tún béèrè ní 1984 bóyá ti ìbílẹ̀ ni ìtàn náà ní tòótọ́. Irú ìtọ́kasí bẹ́ẹ̀ ni ó ní láárí, nítorí ó ń bi ẹlẹ́rìí léèrè.

Ní ìgúnlẹ̀, èrò wa ni pé kí olùwádìí tí yóò bá tọ́ka sí Johnson máa sọ bóyá ohun tí ó rí ni, tàbí ohun tí arọ́kin sọ fún un. Kí ó sì gba oríkì orílẹ̀, orin ọdún àti ìtàn agboolé Èrúwà sílẹ̀, kí ó bi ẹni tí ń sọ ọ́ léèrè ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ nìkan kò lè gbé wa dé Èrúwà.