Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé Amos Tutùọlá?

Ìbéèrè tí bébà yìí gbé dání kì í ṣe èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa tí a ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀. Ṣé ìgbésí ayé oǹkọ̀wé ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí ẹnì kan jókòó kọ ọ́? Àwọn lámèyítọ́ kan gbà pé bí ìwé bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, ó ti dá dúró; ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti àgbékalẹ̀ rẹ̀ ni kí a gbájú mọ́. Bí oǹkọ̀wé náà bá wá jẹ́ ẹni tí ń kọ ìtàn àràmàǹdà, wọn a tún fi kún un pé: kí ni ìgbésí ayé ẹni tí ń gba owó oṣù fẹ́ sọ fún wa nípa ìlú tí kò sí nínú ayé? Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Oǹkọ̀wé irú èyí gan-an ni ó yẹ kí a kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jù lọ, nítorí pé bí a kò bá kọ ọ́ dáadáa, àròsọ ni àwọn ẹlòmíràn yóò fi dí àlàfo náà. Amos Tutùọlá, ọmọ Ẹ̀gbá, ni àpẹẹrẹ tí a ó lò.

Ẹnì kan lè bi wá bí a ṣe ka Tutùọlá mọ́ àwọn tí ń kọ ìtàn àròsọ ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì. Iwin àti òrò ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn. A kò sọ pé ó kọ ìtàn ọkọ̀ tí ń fò lọ sínú òṣùpá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní 1954. Nígbà tí ìtàn náà ń lọ sí òpin, olú ẹ̀dá ìtàn pàdé iwin obìnrin kan tí egbò bo ara rẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Iwin yìí fẹ́ kí ó máa fi ahọ́n lá egbò náà fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọmọkùnrin náà sì rí ìyá rẹ̀ àti arákùnrin rẹ̀ nílé. Nínú àtẹ́lẹwọ́ kan náà ni ó ti rí ewé tí wọ́n fi ń wo egbò ọmọ kan ní ìlú wọn. Ó wá irú ewé bẹ́ẹ̀ nínú igbó, ó sì fi wo iwin náà sàn.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ yìí ti wà lọ́wọ́ iwin Tutùọlá fún ọdún márùn-ún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í sì í ṣe pé ó kàn fi í ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàn. Ìmọ̀ ìwòsàn ni ẹ̀rọ náà gbé láti ilé dé inú igbó. Bí ẹnì kan bá ní èyí kò ní sáyẹ́ǹsì nínú, kí ó wá ṣàlàyé fún wa ohun tí ó ní nínú. Nígbà tí Nnedi Okorafor fún irú iṣẹ́ tirẹ̀ ní orúkọ Africanfuturism ní 2019, ìtàn ọjọ́ iwájú tí ó ta gbòǹgbò láti inú àṣà Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni ó ní lọ́kàn. Tutùọlá ti ń rìn lójú ọ̀nà yẹn kí ọ̀nà náà tó ní orúkọ.

Kí ni a wá mọ̀ nípa ẹni tí ó kọ àwọn ìwé wọ̀nyí? A bí i ní 1920. Charles Tutùọlá, àgbẹ̀ kòkó, ni bàbá rẹ̀. Esther ni ìyá rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n olóyè Ẹ̀gbá tí ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan, F. O. Monu, ẹni tí ó rán an lọ sí iléèwé Salvation Army dípò owó iṣẹ́. Ó kàwé ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ìwé kíkà dópin. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì ṣe é fún ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun ó di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba. Púpọ̀ nínú èyí ni òun fúnra rẹ̀ kọ sínú ojú-ìwé díẹ̀ kan tí a fi kún ẹ̀yìn The Palm-Wine Drinkard nínú àtẹ̀jáde rẹ̀ kan.

Ojú-ìwé díẹ̀ yẹn ni ó fa wàhálà. Nígbà tí Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, Dylan Thomas yìn ín nínú The Observer, òkìkí rẹ̀ sì kàn ní òkè òkun. Nílé ńkọ́? Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, pé yóò dójú tì wá. Láti ìgbà náà, ẹni tí ń yìn ín àti ẹni tí ń bú u, ìgbésí ayé kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí: mẹ́séńjà tí kò kàwé ju ọdún mẹ́fà lọ. Ẹni àkọ́kọ́ ní nítorí náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́ gaara bí omi orísun. Ẹnì kejì ní nítorí náà ni kò ṣe mọ ohun tí ó ń ṣe. Àwọn atẹ̀wé pàápàá fi àwòrán ojú-ìwé kan láti inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sínú ìwé náà, pẹ̀lú àtúnṣe tiwọn lára rẹ̀, bí ẹni ń fi ìwé ìdánwò ọmọ iléèwé han àlejò. Ìtàn ìgbésí ayé tí a gé kúrú di ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́.

Nítorí èyí ni àwọn kan fi sọ pé kí a kúkú pa ìgbésí ayé rẹ̀ tì. A kò gbà pé ibẹ̀ ni àtúnṣe wà. Ohun tí ó ṣe ìpalára ni pé ohun tí a mọ̀ kéré, kì í ṣe pé ó pọ̀ jù. Ẹ wo ọkùnrin arẹwà inú The Palm-Wine Drinkard, ẹni tí ó yá ẹ̀yà ara lọ sí ọjà. Tutùọlá ní ẹwà rẹ̀ pọ̀ débi pé bí àwọn ajubọ́ǹbù bá rí i nínú ìlú nígbà ogun, wọn kò ní ju bọ́ǹbù sí ìlú náà. Bí a bá ka èyí láìmọ ẹni tí ó kọ ọ́, àsọdùn tí ó pani lẹ́rìn-ín ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ àwọn ọmọ-ogun òfurufú ni ó kọ ọ́ kò ní tètè rẹ́rìn-ín. Bákan náà ni ti owó. Olú ẹ̀dá ìtàn yìí ta ikú rẹ̀ ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, ó sì fi ìbẹ̀rù rẹ̀ yáni ní pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Kọ́bọ̀ mẹ́fà yẹn ni kí a wò: ẹni tí ó ti rí bí a ti ń ṣírò owó nínú ìwé ọ́fíìsì ni yóò rántí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó wù wá jù wà lẹ́yìn òde ìwé pátápátá. The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts ni Tutùọlá kọ́kọ́ kọ, kò sì jáde títí di 1982, nígbà tí Bernth Lindfors ṣe olóòtú rẹ̀. Ibo ni ó kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí? Focal Press ní Lọ́ńdọ́nù, ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà. Ó kọ̀wé sí wọn pé òun ní ìtàn kan tí fọ́tò àwọn iwin wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹrù náà dé, àwòrán iwin tí a fi ọwọ́ yà ni, tí a wá fi kámẹ́rà yà. Àwọn kan máa ń sọ èyí láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní tiwa, a rí i pé ọkùnrin yìí ti ń ro bí ẹ̀rọ àti iwin ṣe lè pàdé fún ọdún mélòó kan kí ó tó fi tẹlifíṣọ̀n sí àtẹ́lẹwọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ìgbésí ayé rẹ̀ nìkan ni èyí ti hàn. Ẹ sì fi kún un pé láti àárín àwọn ọdún 1950, inú sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, Ìbàdàn sì ni ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó kàn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutùọlá pe ara rẹ̀. Àwọn mìíràn kọ ọ́ pé abúlé Wásinmi, lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ni a ti bí i. Olùwádìí tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ lè rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì ní láti jẹ́ irọ́. Ẹ̀gbá kò ní rò bẹ́ẹ̀. Oko wà, ilé wà. Ẹni tí a bí sí oko kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣàìjẹ́ ọmọ ilé. Lílọ àti bíbọ̀ láàárín ilé àti oko, pẹ̀lú igbó tí ó wà láàárín wọn, ni ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí ọmọ Ẹ̀gbá ìgbà náà mọ̀, ó sì yẹ kí a kà á sí nígbà tí a bá ń sọ nípa ìrìn àjò inú ìwé rẹ̀.

Ohun tí ó wúwo jù èyí wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni olú ẹ̀dá ìtàn My Life in the Bush of Ghosts nígbà tí ogun akónilẹ́rú lé e wọ igbó, ọdún 24 ni ó sì lò níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje ni Tutùọlá náà sọ pé wọ́n mú òun kúrò lọ́dọ̀ bàbá òun. Lámèyítọ́ tí ó yára yóò sọ pé Monu ni iwin, ilé rẹ̀ sì ni igbó. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀ dó lábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830. Àwọn ọmọ-ogun Dahomey wá bá a jà ní 1851 àti ní 1864. Àwọn tí wọ́n tó bàbá tí ó bí bàbá Tutùọlá lọ́jọ́ orí mọ ìbẹ̀rù yẹn, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ọmọ. Nítorí náà, bí ọmọdé kan bá sá wọ igbó nínú ìwé yìí, ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan kọ́ ni ó fi sá. Ìtàn ìgbésí ayé tí ó dára yóò fi ti ìlú náà kún ti ẹni náà.

Ewu wà níbẹ̀ ṣá. Ìtàn ìgbésí ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọnà, ó sì lè tan ni jẹ. Láti 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá nínú Akéde Èkó, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Ojú-ìwé díẹ̀ tí Tutùọlá kọ nípa ara rẹ̀ pàápàá, ẹni tí ó mọ ìtàn í pa ni ó kọ ọ́, fún àwọn òǹkàwé tí ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe nǹkan kan. Harold Collins kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1969, Oyekan Owomoyela ní 1999, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 2003 ni ìwé Jare Ajayi nípa ìgbésí ayé rẹ̀ jáde. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Lẹ́tà rẹ̀ àti àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wà ní Harry Ransom Center, ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, èyí tí ó jìnnà sí Aké díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbá kò ṣàìmọ ìtàn ìgbésí ayé í kọ: I. O. Delano kọ ti Canon J. J. Ransome-Kuti ní 1942, Wọlé Ṣóyínká sì kọ ti ìgbà èwe tirẹ̀ nínú Aké ní 1981. Àlùfáà ní tirẹ̀, ọmọ ọ̀gá iléèwé ní tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ inú sítọ́ọ̀ kò tíì ní tirẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.

Èdè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ lásán. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Tutùọlá lò fún ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ Monu ni servant, ọ̀rọ̀ náà sì ni àwọn lámèyítọ́ òkè òkun gbé lọ, tí wọ́n fi ya àwòrán ọmọ tí ayé ń fi ìyà jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ní Yorùbá ni ó sọ ọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ì bá wí. Ọmọ ọ̀dọ̀ lè jẹ ìyà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ fà lé ẹni tí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé lọ́wọ́ kí ó lè kàwé, kí ó sì di ènìyàn. Èwo nínú méjèèjì ni ti Tutùọlá? Ẹni tí yóò bá dáhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìbéèrè wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò sì jẹ́ kí ó hàn.